Olówè Ìsẹ̀, agbẹ́gilére àwọn ọba Èkìtì: ìbéèrè yín àti ìdáhùn

Bí mo bá ti dárúkọ Olówè láàárín àwa ọmọ Yorùbá, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni "Ta nìyẹn?" N kò lè bínú, èmi náà ti béèrè bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti gbó kí n tó béèrè. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀lé ìyẹn ni mo kó jọ síbí. Mo ti dáhùn wọn lẹ́nu títí ó fi sú mi, ó kúkú dára kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ta ni Olówè Ìsẹ̀?

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Wọ́n bí i ní nǹkan bí 1873, ó sì kú ní 1938. Ilẹ̀kùn ààfin, òpó ìloro, abọ́ obì tí obìnrin gbé dání, ère lóríṣiríṣi, gbogbo rẹ̀ ló jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Tálákà kọ́ ló ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ìrókò tí èèyàn méjì ò lè gbé, tí wọ́n á gbẹ́ fún oṣù àti ọdún, ọba ló lè san owó irú rẹ̀, àwọn ọba sì ni oníbàárà rẹ̀.

Ìsẹ̀-Èkìtì ni wọ́n ti bí i?

Rárá o, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni. Ìsẹ̀ ló ti di ènìyàn ńlá, ìdí nìyẹn tí orúkọ ìlú náà fi lẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Ẹ̀fọ̀n ayé ìgbà náà, ìlú ọnà ni. Agbọnbíòfé, ọmọ ilé Adéṣínà tó kú ní 1945, tó gbẹ́ òpó sí ààfin Aláayè, ará Ẹ̀fọ̀n ni òun náà. Ọmọ tí wọ́n bá bí sí irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìró àáké lára igi ló máa ń jí i láàárọ̀.

Wọ́n ní emẹsẹ̀ ọba ni. Báwo ni emẹsẹ̀ ṣe tún jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà?

Ẹnu ló ń yà wá torí pé a ti mọ́ ọ lára kí oníṣẹ́ ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kí ó kọ́ pátákó síwájú rẹ̀. Lọ́dọ̀ Arinjale, ọba Ìsẹ̀, ará ààfin ni Olówè. Ìránṣẹ́ ọba ni, ẹni tí ọba lè gbé ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́ láti lọ jẹ́ níwájú ọba mìíràn. Iṣẹ́ igi rẹ̀ àti iṣẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀. Bí ọba kan bá rí ohun tó gbẹ́ sí ààfin Arinjale, tí ojú rẹ̀ wọ̀ ọ́, á ránṣẹ́ wá tọrọ rẹ̀. Arinjale á sì yọ̀ǹda rẹ̀. Kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà nìkan ló lọ nígbà náà, iyì Ìsẹ̀ ló gbé lọ.

Ẹ wo ti Ìkẹ́rẹ́: ọdún mẹ́rin gbáko ló lò lọ́dọ̀ Ògògà, ọba ìlú náà, láàárín 1910 sí 1914. Ọdún mẹ́rin! Ilé kan ni mo kọ́ rí láyé mi, káfíńtà tó kan òrùlé rẹ̀ kò dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó sá lọ síbi iṣẹ́ mìíràn.

Àwọn ìlú wo ló tún ti ṣiṣẹ́?

Ó pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ wọ ààfin Déjì ní Àkúrẹ́, ó wọ Ọ̀wọ̀, ó wọ Ìkàrẹ́ àti Ògbàgì ní ilẹ̀ Àkókó, ó wọ Ìgẹ̀dẹ̀ àti Ògòtún. Ìyàwó rẹ̀ ló ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn fún wa, mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Kí ló wà lára ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀?

Ilẹ̀kùn onípátákó méjì ni, pẹ̀lú àtẹ́rígbà rẹ̀ lókè. Ọ̀rọ̀ ìgbà kan báyìí ni Olówè gbẹ́ sára rẹ̀: ọjọ́ tí Captain Ambrose, òyìnbó ìjọba, wá kí Ògògà nígbà tí sẹ́ńtúrì 19 ń parí lọ.

Ó pín pátákó kọ̀ọ̀kan sí ìpele ìpele láti òkè dé ilẹ̀. Ní apá òsì, Ògògà jókòó, adé ìlẹ̀kẹ̀ ń bẹ lórí rẹ̀, olorì dúró tì í lẹ́yìn. Ní apá ọ̀tún, òyìnbó ń bọ̀. Kò fẹsẹ̀ rìn, kò gẹṣin, àwọn ènìyàn ló gbé e. Ó káwọ́ kásẹ̀ jọ sínú ohun tí wọ́n fi gbé e bí ẹni tí àyè ò gbà. Lábẹ́ wọn ni àwọn olorì, àwọn ìránṣẹ́ àti àwọn aláàárù tò sí, ẹrù lórí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí nìyí. Nígbà tí Olówè ń gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí, òyìnbó ti gba ìjọba tán. Gbogbo Èkìtì ló mọ ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ lára igi, ọba ni kò mira. Ó jókòó tẹ̀mítẹ̀mí, àlejò ló ń rìnrìn àjò tọ̀ ọ́ wá, àlejò náà kò sì ga tó o. Àwọn kan á ní òṣèlú ni. Lójú tèmi, ojú ààfin ló fi wò ó, nítorí pé ará ààfin ni. Ẹni tó bá wọlé tọ ọba wá, bó ti wù kó jẹ́, ó wá kí i ni.

Kí ló ya ọwọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà yòókù?

Jíjìn tó máa ń gbẹ́ igi ni. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ọlọ́nà tí ẹ ti rí, àwòrán inú rẹ̀ kò yọ síta ju ìbú ìka kan sí méjì lọ. Ẹ fọwọ́ pa á, ó dà bí ọnà ara igbá. Ti Olówè máa ń yọ débi pé ó lè jáde tó sẹ̀ntímítà 15. Orí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ti kúrò lára pátákó pátápátá, ọrùn wọn gùn, àwọn kan yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹ óò fi rò pé ẹnì kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n.

Ẹ̀ẹ̀kejì, kì í fi pátákó ẹ̀yìn wọn sílẹ̀ lásán. Ó máa ń fín in ní ọnà wẹ́wẹ́, á tún kùn ún, kí àwọn ènìyàn iwájú lè hàn dáadáa. Lójú mi, ó dà bí ẹni pé aṣọ àrán ni wọ́n ta sẹ́yìn wọn.

Dàda Aréògún ti Ọ̀sì, ẹni tó kú ní 1954, òun náà ọ̀gá ni. Bí ẹ bá gbé ilẹ̀kùn àwọn méjèèjì síra, ti Aréògún wà létòlétò, àwọn ènìyàn rẹ̀ dojú kọ yín gbọn-ọn-gbọn bí ẹni ń ya fọ́tò. Ti Olówè ń rìn. Ẹ má bi mí èwo ló dára jù, ará Èkìtì ni mí, mo lè ṣojúsàájú.

Ṣé òótọ́ ni pé orí kan ń yí nínú abọ́ tó gbẹ́?

Òótọ́ ni, abọ́ náà sì wà ní ilé ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ntímítà 64. Olúmẹyẹ là ń pe irú abọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ ẹ̀yẹ: obìnrin kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ ọlọ́mọrí síwájú, inú abọ́ náà ni wọ́n máa ń kó obì tí wọ́n fi ń gba àlejò sí. Lórí ọmọrí rẹ̀, àwọn obìnrin ń jó. Lábẹ́ abọ́, àwọn ènìyàn kéékèèké kúnlẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká, wọ́n fi ọwọ́ gbé e.

Láàárín àwọn tó kúnlẹ̀ yìí ni orí ènìyàn kan wà tí kò so mọ́ ohunkóhun. Bí ẹ bá ti abọ́ náà, orí á yí. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè mú un jáde, torí pé ó tóbi ju àlàfo tó wà láàárín ẹnì kan sí èkejì lọ.

Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Igi kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Kò sí àtè, kò sí ìṣó. Kò sí bí ó ṣe lè gbẹ́ orí náà síta kó tó wá tì í wọlé. Inú ibẹ̀ ló ti gbẹ́ ẹ. Àárín apá àti itan àwọn tó kúnlẹ̀ ló ń ti ọ̀bẹ bọ̀, ó gbẹ́ ojú, ó gbẹ́ imú, ó gbẹ́ etí, ó wá gé e kúrò lára igi díẹ̀díẹ̀ títí orí fi dá wà. Bí ọ̀bẹ bá yẹ̀ lọ́jọ́ kan péré, apá ẹnì kan ti já, iṣẹ́ oṣù mélòó kan ti di igi ìdáná. Ta ló rán an? Kò sẹ́ni tó nílò orí inú abọ́ kí ó tó lè kó obì sí i. Mo rò pé ó kàn fẹ́ kí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e, kí wọ́n yí i wò, kí wọ́n sì dákẹ́.

Lára òpó Ìkẹ́rẹ́, kí ló dé tí olorì fi ga ju ọba lọ?

Òpó tí ẹ ń sọ yẹn wà ní Art Institute ní Chicago báyìí. Ọba jókòó sórí ìtẹ́, ẹyẹ wà ní ṣóńṣó adé rẹ̀. Olorì àgbà dúró gàgàrà lẹ́yìn rẹ̀, ọmú rẹ̀ le, irun rẹ̀ dì dáadáa, òun gan-an ló sì gbé ẹrù òkè. Àwọn ènìyàn kéékèèké wà nísàlẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọba.

Ẹni tó bá ti wà nítòsí ọjọ́ ìwúyè ọba rí kò ní bi mí ní ìbéèrè yìí. Obìnrin ló ń gbé adé lé ọba lórí ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Ẹyẹ orí adé ńkọ́? Àwọn ìyá wa ni, a kì í sì í pariwo wọn. Òpó ilé ni Olówè ń gbẹ́, ó wá fi obìnrin ṣe òpó ọba.

Irin iṣẹ́ wo ló lò? Ṣé ó ní ẹ̀rọ?

Ẹ̀rọ kẹ̀? Àáké, àáké kékeré tí ojú rẹ̀ dábùú bí ti ọkọ́, òòlù, ọ̀bẹ. Igi tútù ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa sì máa ń gbẹ́, torí pé ìrókò tó bá ti gbẹ á le bí irin.

Ìpele mẹ́rin ni àwọn àgbà oníṣọ̀nà Èkìtì ka iṣẹ́ náà sí. Ọnà lílé ló ṣáájú: wọ́n á fi àáké la igi títí tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ á fi yọ gọ̀ǹgọ̀ bí iṣu. Alétúnlé ló kàn: etí, ojú, ọwọ́ á ya ara wọn. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí wọ́n á máa fi ọ̀bẹ fá a kí ojú àáké má bàa hàn mọ́. Fínfín ló kẹ́yìn: ilà ojú, irun orí, ìpéǹpéjú, ọnà ara aṣọ. Ọmọ iṣẹ́ lè dán an. Ojú fínfín la ti ń mọ ọ̀gá.

Ṣé ó máa ń kùn wọ́n?

Bẹ́ẹ̀ ni. Pupa, funfun, dúdú, búlúù. Èyí tó dúró sí ilé ọnà lónìí ti ṣí, igi lásán ni ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí, wọ́n á sì máa yin bó ṣe "dákẹ́ jẹ́ẹ́". Kò dákẹ́ o. Bí ẹ bá wọ àgbàlá Ògògà ní 1914, ojú yín á kọ́kọ́ ṣú ná.

Ṣé wọ́n jí ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ gbé lọ sí London ni?

Wọn kò jí i. Ẹ má pò ó mọ́ ti Ìbìní ní 1897, ìyẹn ogun àti ìkógun ni. Ní 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley, wọ́n kó nǹkan láti gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn wá síbẹ̀. Ògògà yá wọn ní ilẹ̀kùn yìí. Bí British Museum ṣe rí i, ọ̀fun wọn dá tòlò. Wọ́n ní nínú gbogbo igi gbígbẹ́ tó ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà dé ilẹ̀ àwọn, kò tíì sí irú rẹ̀. Wọ́n ní kí Ògògà tà á. Ògògà kò tà, ó ní kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n ṣe é, ilẹ̀kùn sì dúró sọ́hùn-ún.

Ṣé pàṣípààrọ̀ náà dọ́gba? Ẹ fi ara yín sípò ọba tí òyìnbó ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí òyìnbó náà wá ní òun fẹ́ràn ilẹ̀kùn rẹ. Síbẹ̀, n kò fẹ́ ká sọ Ògògà di ọmọdé. Ó mọ ohun tó ń ṣe: ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn wà ní Ìsẹ̀, kò jìnnà, ìtẹ́ òyìnbó ni kò sí nítòsí. Ó ṣírò rẹ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ odò ṣe ń ṣírò omi.

Báwo la ṣe wá mọ orúkọ rẹ̀?

Èyí gan-an ni mo ti ń dúró dè.

Ní Wembley, wọ́n kọ "Ìkẹ́rẹ́", wọ́n kọ "Nàìjíríà". Orúkọ ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọn ò kọ ọ́. Ó wà láàyè nígbà náà o, ọdún mẹ́rìnlá ṣì kù kó tó kú. Ẹni tó bá wọkọ̀ dé Ìsẹ̀ tó béèrè, wọ́n á mú un dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Philip Allison, òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ka igbó ọba ní Nàìjíríà, wá kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1944. Ọdún mẹ́fà ti kọjá lẹ́yìn ikú rẹ̀ nígbà yẹn. Ní 1998, ilé ọnà Smithsonian wá gba gbọ̀ngàn fún iṣẹ́ òun nìkan.

Àwọn ìwé kan sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òyìnbó ló "ṣàwárí" Olówè. Ta ló sọnù?

Ní 1988, John Pemberton, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Olówè ní Ìsẹ̀, Olójú-ifun ni orúkọ màmá náà. Àádọ́ta ọdún ti kọjá lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Màmá la ẹnu, ó sì kì í. Ó kì í gẹ́gẹ́ bí ọkọ rere, arẹwà láàárín ẹgbẹ́, ìránṣẹ́ ọba. Ó ní igi ìrókò líle, bí igbá ló ṣe ń gbẹ́ ẹ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlú: bí ẹ bá dé ààfin Ògògà, iṣẹ́ ọkọ òun wà níbẹ̀, ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀, bí ẹ bá dé Ọ̀wọ̀, ó wà níbẹ̀, Ìkàrẹ́, Ìgẹ̀dẹ̀, Ògbàgì, ààfin Déjì, Ògòtún. Ó tiẹ̀ mọ̀ pé kìnnìún kan tí ọkọ òun gbẹ́ ti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn baba wa ní gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ohun tí ilé ọnà ńlá ń fi ìwé àti fìtílà wá kiri, ẹnu opó kan ni wọ́n ti bá a: orúkọ, iṣẹ́, ìlú, iye ọdún. Kò fi ìkankan pamọ́. Wọn ò tètè bi í ni.

Ṣé ó fi àrólé sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà?

Ilẹ̀ Èkìtì àti Ìgbómìnà kò ṣaláìní gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni iṣẹ́ gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé ọmọ Aréògún ló ń kọ́ wọn nígi gbígbẹ́ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti Ìlá-Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́. Fákẹ́yẹ tó kú ní 2009 lọ jákèjádò ayé, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sára iṣẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn sí ti Olówè.

Níbo ni mo ti lè rí iṣẹ́ Olówè fúnra mi?

Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ wà ní British Museum ní London. Òpó Ògògà wà ní Chicago, abọ́ tí orí ń yí nínú rẹ̀ wà ní Washington, òpó kan tí ẹlẹ́ṣin wà lórí rẹ̀ wà ní Metropolitan Museum ní New York. Bí ẹ ò bá rí owó fíṣà, àwòrán wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àwọn ilé ọnà náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má wo iwájú nìkan. Ẹ̀gbẹ́ ni jíjìn rẹ̀ ti ń hàn.

Ilẹ̀kùn ọlọ́nà kan wà ní ilé bàbá wa lóko. Ṣé ó lè jẹ́ ti Olówè?

Ó lè jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má tíì máa pín owó. Ilẹ̀kùn ọlọ́nà pọ̀ ní Èkìtì, Ọ̀wọ̀ àti Ìgbómìnà, ọ̀pọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ló sì wà. Ẹ má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa á nítorí ikán, ẹ má fi ọ̀dà tuntun kùn ún. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún. Bí oníṣòwò bá fi mọ́tò dé, tó ní òun á fi ilẹ̀kùn onírin tuntun pààrọ̀ rẹ̀ fún yín, ẹ rántí ìtẹ́ Ògògà. Òfin Nàìjíríà pàápàá kò gba ẹnikẹ́ni láàyè kó kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde nílùú láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó ilé ọnà ìjọba àpapọ̀.

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, torí pé ojú àáké sábà máa ń ṣẹ́ kù sẹ́yìn pátákó, ó sì ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá gbọ́ èdè rẹ̀. Kí ẹ wá bi àwọn àgbà ilé léèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ẹ má dúró lọ́dọ̀ àwọn bàbá nìkan o. Ẹ wọ ẹ̀yìnkùlé lọ bá àwọn ìyàwó ilé tó ti pẹ́ jù, kí ẹ ní kí wọ́n kì yín.